Ogún Ìbéèrè Lẹ́yìn Ìrun Àsárì

Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Pópó Yemọja, mo máa ń gbé àga méjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń jókòó, síbẹ̀ méjì ni mò ń gbé. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ó kàn ti mọ́ ọwọ́ mi lára ni. Ọ̀kan ga, ó ní ìfẹ̀yìntì, tèmi nìyẹn. Ìkejì kúrú, ó fẹ̀ nídìí, torí pé ẹni tó ni ín máa ń gbé àtẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa fì. Ìyàwó mi ló ni àga kúkúrú yẹn. Ó wà ní Ìlọrin, nílé àkọ́bí wa obìnrin. Èmi wà níbí.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní báyọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí. Bí kíláàsì tuntun bá wọlé, n kì í kọ́kọ́ kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ogún ìbéèrè ni mo máa ń kọ sójú pátákó. Díẹ̀ dá lórí ewéko, díẹ̀ lórí ẹranko, díẹ̀ lórí ara èèyàn. Àwọn kan wà lórí ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, àwọn kan lórí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tó kù sì wà lórí bí gbogbo wọn ṣe ń gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. N kì í kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí olúkúlùkù gbé wá láti ilé ni. Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ pa adìẹ rí ti mọ ohun púpọ̀ kó tó pàdé tíṣà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọ̀kan nínú ogún ìbéèrè yẹn tó dé ojú pátákó láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìyàwó mi kọjá. Ẹ̀wà ló ń tà ní Ọjà'ba. Kì í ṣe ẹ̀wà sísè o, èyí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ni. Ìwé mẹ́rin ló kà kí bàbá rẹ̀ tó ní kó wá máa bá ìyá rẹ̀ jókòó lọ́jà. Bó bá ti dé, tó ti kírun, á gbé ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà fún ọjọ́ kejì lé ẹsẹ̀, èmi á sì ṣí ìwé mi. Màá ka ìbéèrè lédè Yorùbá, òun á dáhùn láìgbójú sókè. Òfin wa ni pé bí ìbéèrè kan kò bá yé e, ìbéèrè yẹn ni kò dáa, kì í ṣe òun. Màá lọ tún un kọ. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé inú àwọn ìwé ńláńlá ni mo ti ń ṣa ìbéèrè mi jọ. N kò bá wọn jiyàn.

Tíṣà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó. Èmi náà ń pè é ní Àlájà, kódà nígbà tí kò tíì lálàá pé òun máa dé Mẹ́kà.

"Kí ni iṣẹ́ gbòǹgbò lára igi?"

"Ó ń mu omi, ó sì ń di ilẹ̀ mú. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjì ọjọ́sí ì bá ti gbé igi ẹ̀yìnkùlé wa lọ sórí òrùlé gbọ̀ngàn Mápó."

"'Ó ń fa omi' ló dáa jù, Àlájà. Gbòǹgbò kò ní ẹnu."

"Ohun tí kò lẹ́nu, báwo ló ṣe wá ń fà á? Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, Tíṣà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yẹn dáhùn ẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Òun ló di ìbéèrè kẹrin, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì họ orí nítorí rẹ̀.

"Kí ló dé tí èèyàn fi máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun òkè Mápó tán?"

"Torí pé kò tètè kúrò nílé ni."

"Rárá o. Ẹran ara rẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọkàn rẹ̀ náà á wá máa yára kó lè tètè fi ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ bá a."

"Ohun tí mo sọ náà kọ́ nìyẹn? Ká ní ó tètè kúrò nílé, kí ni ọkàn ẹ̀ máa máa yára sí?"

Ọjọ́ tí a dé orí ìgbín ni mo rẹ́rìn-ín tí omijé bọ́ lójú mi. Mo bi í pé akọ ni ìgbín àbí abo. Ó ní èwo nínú wọn. Mo ní èyíkéyìí tó bá mú.

"Akọ ni, abo náà ni," ló sọ, ó sì fẹ́ èèpo ẹ̀wà dànù. "Ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀ fi tòrò. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló sè."

Nígbà tí mo wá bi í pé kí ló dé tí ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà, ó ní ọ̀kan lè gbé ti bàbá, kí ìkejì gbé ti ìyá. "Àkọ́bí wa gbé imú ìyá yín délẹ̀délẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run títí, àdúrà yẹn kò gbà."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹtàlá ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ ihò sí lára, ṣé ó lè hù bí a bá gbìn ín?" Kí n tó bi í ni mo ti kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀: Rárá.

Ó ní, "Ó dá lórí ibi tó ti jẹ ẹ́."

"Àlájà, oúnjẹ tí irúgbìn náà máa fi dàgbà ni kòkòrò ti jẹ."

"Kò jẹ ẹ́ tán. Ẹ wo èyí. Bí kò bá ti dé ibi ojú ẹ̀, á hù."

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí nǹkan kan níbí. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ojú ẹ̀wà, kì í ṣe ojú. Àpá ibi tó ti so mọ́ inú èèpo ìyá rẹ̀ ni, bí ìdodo ṣe rí lára wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àpá yẹn gan-an ni ọlẹ̀ tó máa di igi ẹ̀wà fara pa mọ́ sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyàwó mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Èmi ni n kò fẹ́ gbọ́. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ tó bá ṣìnà. Kò bá mi jiyàn. Ó ṣa ẹ̀wà mẹ́wàá tí kòkòrò ti lu, ó tẹ́ òwú tútù sínú abọ́, ó tò wọ́n sórí rẹ̀, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbé abọ́ náà wá. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀wà mẹ́rin ti yọ ẹnu funfun jáde.

Mo fa ìlà gba orí "Rárá", mo sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀: "Ó dá lórí ibi tó ti jẹ ẹ́." Ó wà nínú ìwé yẹn títí dòní.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ara mi, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé yín. N kì í gba ìjíwèé-wò láàyè. Bí mo bá ká bébà mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nínú ìdánwò, n kì í pariwo, n kì í nà án. "Bọ́ síta" ni gbogbo ohun tí mo máa sọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbé e wọlé padà lọ́jọ́ náà. Ó kan ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Bẹyẹrúnkà rí. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo kọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi dáhùn ìbéèrè kankan. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá láti fi ẹjọ́ mi sùn ún. Mo wà nínú yàrá, mo sì ń gbọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ni ìyàwó mi wí. "Ẹni tó bá jíwèé wò, ìta ló ń lọ. Ọkọ mi kò lè fi ọmọ ẹlòmíràn síta kó fi tiwa sílẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àtẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ibo la bá a dé?"

N kò lè sọ ọjọ́ pàtó tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó máa ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ ni mí. Ó ti fi ọjà sílẹ̀ nígbà náà, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ó kọ́kọ́ ń bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà, a wá fóònù rẹ̀ títí, inú garawa ẹ̀wà la ti bá a. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọjà'ba, ọ̀nà tó ti rìn láti ìgbà tó ti wọlé mi, Àsárì lọ, n kò rí i. Aránṣọ kan ní Bẹẹrẹ ló pè mí. Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti bá ìyàwó mi, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú àbọ̀," ló wí. "Wọ́n ti gbé ọ̀nà ilé wa kúrò o."

Mo dì í lọ́wọ́ mú títí a fi délé. Kí oṣù náà tó parí, ó gbé omi kaná, ó sì gbàgbé iná gáàsì. Aládùúgbò ló gbọ́ òórùn. Èmi wà nílé, oorun ti gbé mi lọ lórí àga. Bí àkọ́bí wa ṣe gbọ́, ó wọkọ̀ láti Ìlọrin, kò tilẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ò lè dá a ṣe."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń dá a ṣe? Àwa méjì la jọ ń ṣe é."

"Oorun ń gbé ẹ̀yin lọ, Màámi ń gbàgbé iná. Èwo ló ń tọ́jú èwo nínú yín?"

 Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní kí èmi náà máa bọ̀, ó sì pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù fún mi, ìyẹn ní, "Bàbá, yàrá wà. Ẹ máa bọ̀, sà." Ọmọlúwàbí èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agboolé bíi tiwa mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá lè lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọdún kan, kò sẹ́ni tó máa wí nǹkan kan. Àmọ́ kí bàbá ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé àna, kó máa jẹ oúnjẹ àna, kó máa jí lójú àna láràárọ̀? Bàbá mi kò ṣe é rí, ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe é. Mo ní n kò lọ, ìyá rẹ̀ náà kò sì níí lọ.

A wá fẹnu kò pé dọ́kítà ni kó dá ẹjọ́ náà. Wọ́n máa ń bi àwọn àgbàlagbà ní ìbéèrè láti mọ ibi tí ìrántí wọn dúró sí. Bí dọ́kítà bá ní ó lè máa bá mi gbé, á dúró. Bó bá ní kò lè ṣe é, á bá ọmọ rẹ̀ lọ. Àdéhùn nìyẹn. Mo fọwọ́ sí i torí pé mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé kò sí ìbéèrè tó lè bà á lẹ́rù.

Ibà wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ, kò sì ṣe dáadáa. Dọ́kítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún márùndínlógójì lọ, ní ibà lè da orí èèyàn rú, kí a tọ́jú ìyẹn ná, kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó tì wọ́n látòkè délẹ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo ìbéèrè náà. Ọjọ́ wo la wà? Oṣù wo? Ọdún wo? Ibo la jókòó sí yìí? Ẹ rántí nǹkan mẹ́ta yìí fún mi: ìgò, ẹṣin, agboòrùn. Ẹ ka iye padà sẹ́yìn láti ogún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo tún padà di tíṣà. Lẹ́yìn Àsárì, àga méjì, ìwé tuntun.

"Àlájà, oṣù wo la wà?"

"Oṣù tí òjò ń rọ̀ ni."

"Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

"Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Orúkọ oṣù."

Bí mo bá ti tún un ṣe báyìí, màá rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, òun náà ń tún tèmi ṣe, ẹ̀rín la fi ń ṣe é. Ní báyìí ó ń wò mí bí ọmọ tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun síwájú kíláàsì. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo pa ìwé tuntun náà dé. Mo lọ gbé ìwé àtijọ́ sílẹ̀ látorí àpótí.

"Ìgbín, ṣé akọ ni àbí abo?"

Ó gbójú sókè. "Èwo nínú wọn?"

A ka gbogbo ogún ìbéèrè náà tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gba mẹ́tàdínlógún. Ilé ìgbín ṣì tòrò. Imú ìyá mi ṣì wà lójú àkọ́bí wa. Mo rí obìnrin tí mo fẹ́, mo rí i ketekete, bí ẹni pé ọjà ló ti ń bọ̀. Mo sì ń ronú pé, bí dọ́kítà yẹn bá lè bi í ní iṣẹ́ gbòǹgbò, kò sẹ́ni tó máa mú un kúrò lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n dọ́kítà kò níí bi í ní iṣẹ́ gbòǹgbò.

Ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí a padà lọ nìyí. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àkọ́bí wa. Mo gé bébà kékeré kan. Mo kọ ọjọ́, oṣù, ọdún, orúkọ ilé ìwòsàn náà, àti ìgò, ẹṣin, agboòrùn, gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà gàgàrà kó lè kà á. Mo ká a kó kéré, mo sì dì í sí etí ìró rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ọjà máa ń so owó mọ́. Mo ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, tí o kò rántí, tú ibí yìí, kí o rọra wò ó." Ó fọwọ́ kan ojú kókó náà. Ó ní ó dáa.

Dọ́kítà gbà wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Àkọ́bí wa jókòó sápá ọ̀tún, èmi sápá òsì.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ma, oṣù wo la wà yìí?"

 Mo rí ọwọ́ ìyàwó mi tó ń lọ sí etí ìró. Ọkàn mi ń lù kìkì, mo sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lákòókò náà, mo ti fi kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ó tú kókó náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yọ bébà, ó tẹ́ ẹ, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ síwájú, ó sì gbé e lé dọ́kítà lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Wọ́n kọ ọ́ fún mi láti ilé ni."

Àkọ́bí wa yíjú sí mi. N kò lè wò ó.

"Kò sí wàhálà, Màmá," ni dọ́kítà wí.

"Wàhálà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jíwèé wò, ìta ló ń lọ." Ó yí padà sí mi. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ló ṣe sọ ọ́. "Tíṣà, ẹ bọ́ síta."

Mo dìde, mo bọ́ síta. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, mo fẹ̀yìn ti ògiri, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Mo rántí ojú àwọn ọmọ tí mo ti ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní ìtìjú nìkan ni. Inú mi tún dùn sí i. Òun ni. Ẹni tí kò gbàgbé nǹkan kan ló fi mí síta.

Ìdánwò yẹn kò lọ bí mo ṣe fẹ́, dọ́kítà sì ní kí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ. Àkọ́bí wa jáde wá, ó dúró ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò bá mi wí. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ." Mo ní mo ti gbọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, mo di ẹrù ìyàwó mi, mo tẹ̀ lé wọn dé ibùdókọ̀. Ó ń wo ìta lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù lọ́bẹ̀ o." Ọkọ̀ gbéra.

Láti ìgbà náà, mo máa ń pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àkọ́bí wa á gbé fóònù sí i létí. Èmi á ka ìbéèrè kan tàbí méjì nínú ìwé àtijọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, á mọ̀ mí, á sì bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Bí kò bá mọ̀ mí, n kì í tún un ṣe mọ́. Mo ti kọ́ ìyẹn. Ará agboolé máa ń kọjá, wọ́n á rí mi pẹ̀lú àga òfìfo, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì yára kọjá.

Àná, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní ọ̀rẹ́ ni. Mo ní ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi wọ́n. Mo ka ìkẹtàlá: ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ ihò sí lára, ṣé ó lè hù?

"Ó dá lórí ibi tó ti jẹ ẹ́," ló wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bí kò bá ti dé ibi ojú ẹ̀, á hù. Ọkọ mi náà bi mí ní irú ẹ̀ rí. Tíṣà ni. Ó bá mi jiyàn títí, àfìgbà tí mo gbìn ín fún un."

"Ṣé ó hù?"

"Mẹ́rin hù. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjà yẹn, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.

"Ẹ bá mi kí i. Èmi ni mo ní kó bọ́ síta. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ ní mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa wọlé bọ̀."

Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà.

N kò gbé àga jáde lónìí. Mo pe ọkọ ọmọ wa lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, mo bi í pé ṣé yàrá yẹn ṣì wà. Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ yẹn la ti tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, sà." Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, ó sì fi í sápò. Agbádá méjì, búrọ́ọ̀ṣì, gíláàsì ojú mi àti ìwé àtijọ́ ló wà nínú báàgì. Àga kúkúrú yẹn ni mo ṣì ń wò. Mo fẹ́ bi dírẹ́bà bóyá ó lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.